"Gbá a" àbí "Gbà á": Kíkọ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Sẹ́kọ́ńdìrì ní Bọ́ọ̀lù Àfẹsẹ̀gbá àti Àjọṣe Lórí Pápá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí olùkọ́ ṣe lè kọ́ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 17 ní bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá àti àjọṣe, pàápàá ní ilé-ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀ tí bọ́ọ̀lù kò sì tó. Ó fi hàn pé pípín kíláàsì sí ọ̀wọ́ kéékèèké ń ṣe ọmọ kọ̀ọ̀kan láǹfààní ju ìdíje ẹlẹ́ni 22 lọ. Pé àjọṣe jẹ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ bí a ti ń kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù títa. Àti pé ọ̀rọ̀ tí a ń pè lórí pápá nílò àkíyèsí, nítorí ohùn lè sọ àṣẹ kan di òdìkejì rẹ̀. Iṣẹ́ náà parí sórí àbá fún àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni.

Ìfáàrà

Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ti ṣe àbẹ̀wò sí akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ìdánrawò ìkọ́ni, ìyẹn TP, yóò ti rí irú èyí rí. Àsìkò eré ìdárayá tó. Ọmọ 40 jáde sí pápá pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Olùkọ́ ní kí àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù gbá bọ́ síwájú. Àwọn 22 bọ́ síwájú, ó fọn fèrè, ó sì fẹ̀yìn ti igi. Àwọn 18 yòókù, tí ọmọbìnrin pọ̀ jù nínú wọn, jókòó sábẹ́ ibòòji, wọ́n ń wòran. Nígbà tí agogo lù, olùkọ́ kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ pé òun ti kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù.

Ta ló wá kọ́ kí ni? Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ló tún gbá a. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ló wò ó. Bí olùkọ́ ìṣirò bá ní kí àwọn tó mọ ìṣirò nìkan ṣe é kí àwọn yòókù máa wòran, a ó fún un ní máàkì òdo. Kí ló dé tí a fi ń gbà á lọ́wọ́ olùkọ́ eré ìdárayá? Ìbéèrè yìí ló bí iṣẹ́ yìí. Olùkọ́ èdè ni ẹni tó kọ ọ́, kì í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ṣùgbọ́n ìkọ́ni ni ìkọ́ni ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni èdè sì ní ipò tirẹ̀ lórí pápá, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

Ọjọ́ Orí àti Ara Ọmọ

Láàárín ọdún 11 sí 17 ni ara ọmọ ń yí padà kíákíá. Ní gbogbogbòò, ọmọbìnrin máa ń ga lójijì ní nǹkan bí ọmọ ọdún 12, ọmọkùnrin ní nǹkan bí ọmọ ọdún 14, ṣùgbọ́n oníkálukú ló ní àsìkò tirẹ̀. Ọmọ ọdún 13 méjì lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ọ̀kan dà bí géńdé, kí èkejì ṣì dà bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ga lójijì lè máa kọsẹ̀, kí ó máa tàsé bọ́ọ̀lù tí kì í tàsé tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gùn kí ó tó mọ bí yóò ṣe lò ó. Bí ó bá ní ìsàlẹ̀ orúnkún ń dun òun, kí a jẹ́ kí ó sinmi, kí a má sọ pé ó ń ṣe òjòjò irọ́.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí olùkọ́ máa fi gíga àti agbára nìkan yan ọmọ. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ wa ti gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé lẹ́ẹ̀márùn-ún, ní 1985, 1993, 2007, 2013 àti 2015. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn àgbà ọkùnrin wa kò tíì kọjá ìpele ẹlẹ́gbẹ́ 16 rí nínú ìdíje tiwọn. Ohun tó fa èyí kì í ṣe ẹyọ kan, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó bá ń lé ife lónìí nìkan yóò yan ẹni tó tètè dàgbà, yóò sì ju ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá tí ara rẹ̀ kò tíì gbó nù. Irọ́ ọjọ́ orí pípa kò tilẹ̀ ṣeé fi pamọ́ mọ́: nínú ìdíje àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 17 lọ tí orílẹ̀-èdè wa gbà lálejò ní 2009, FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ yẹ egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ wò.

Ohun mìíràn ni fífi orí kan bọ́ọ̀lù. Ní 2015, àjọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fòfin de é fún àwọn ọmọ ọdún 10 sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì dín in kù nínú ìgbáradì àwọn ọmọ ọdún 11 sí 13. Ní 2020, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà yọ ọ́ kúrò nínú ìgbáradì àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tó ní kí a máa to ọmọ JSS 1 sórí ìlà láti fi orí kan bọ́ọ̀lù léraléra.

Ìmọ̀ Mẹ́rin Tó Jẹ́ Ìpìlẹ̀

Èkíní ni gbígba bọ́ọ̀lù. Bí a bá ju ẹyin síni, a kì í na ọwọ́ gan-an-ran pàdé rẹ̀. A máa ń fa ọwọ́ sẹ́yìn kí ó má baà fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ ṣe ń gba bọ́ọ̀lù. Kí ọmọ sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá dé tán.

Èkejì ni pípín in. Inú ẹsẹ̀ ni a fi ń pín bọ́ọ̀lù ibi tí kò jìnnà. Ẹsẹ̀ tí a fi dúró yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù, ọmọ ìka rẹ̀ yóò sì kọjú sí ẹni tí a fẹ́ fún.

Ẹ̀kẹta ni títì í lọ láti fi gé alátakò. Kí bọ́ọ̀lù má jìnnà sí ẹsẹ̀, kí ojú má sì wà nílẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ẹ̀kẹrin ni títa á sójú ilé. Ẹni tó bá fara sẹ́yìn nígbà tó ń ta á, òkè ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ yóò gbà lọ. Kí ó tẹ àyà síwájú díẹ̀ sórí bọ́ọ̀lù.

Ọ̀wọ́ Kékeré, Àǹfààní Ńlá

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ọmọ 22 bá ń pín bọ́ọ̀lù kan fún ìṣẹ́jú 40, bí a tilẹ̀ pín in dọ́gbadọ́gba, kò ní tó ìṣẹ́jú méjì fún ẹnì kan. Bí àwọn mẹ́rin bá kojú mẹ́rin, ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa kan oníkálukú. Àwọn ọmọ wa ti mọ èyí ní àdúgbò tipẹ́: òkúta méjì níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń pè ní mọ́ńkì póòsì, eré bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù márùn-ún kò sí. Ọ̀nà kan nìyí. Kí olùkọ́ pín ọmọ 40 sí ọ̀wọ́ márùn-ún, kí ó sì la ibùdó márùn-ún sórí pápá. Ní ibùdó kìíní, àwọn mẹ́rin yóò kojú mẹ́rin pẹ̀lú bọ́ọ̀lù gidi. Ní ìkejì, wọn yóò máa pín bọ́ọ̀lù rọ́bà tí a mọ̀ sí fẹ́lẹ́lẹ́ láàárín ara wọn. Ní ìkẹta, wọn yóò fi ọwọ́ ju òmíràn sí ara wọn, ẹni tó bá mú un kò gbọdọ̀ rìn. Èyí ń kọ́ni láti wá àyè. Ní ìkẹrin, wọn yóò máa lé ara wọn láìsí bọ́ọ̀lù, kí ẹsẹ̀ wọn lè mọ yíyà lójijì. Ní ìkarùn-ún, wọn yóò wo ibùdó kìíní, wọn yóò sì kọ iye ìgbà tí wọ́n pín bọ́ọ̀lù kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ alátakò. Ìṣẹ́jú mẹ́fà-mẹ́fà ní ibùdó kọ̀ọ̀kan jẹ́ 30; márùn-ún ṣáájú fún nína ara, márùn-ún lẹ́yìn fún ìjíròrò. Ìṣẹ́jú 40 pé, kò sì sí ẹni tó jókòó sábẹ́ igi.

Bọ́ọ̀lù Pípín, Àáró Ni

Agbábọ́ọ̀lù kan kì í ní bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ nínú ìṣẹ́jú 90. Kí ló wá ń ṣe nínú ìyókù? Ibẹ̀ gan-an ni àjọṣe wà. Àwọn baba wa mọ àáró: àwọn ọ̀dọ́ yóò kó ara wọn jọ, wọn yóò kọ ebè lóko ẹnì kan lónìí, lóko ẹlòmíràn lọ́la. Ẹni tí kò bá lọ sí oko ẹlòmíràn kò ní rí ẹni tó máa wá sí tirẹ̀. Àáró yàtọ̀ sí ọ̀wẹ̀, tí a ń bẹni sí lẹ́ẹ̀kan tí a sì ń fi oúnjẹ ṣe àwọn tó wá lálejò. Ẹni tó pín bọ́ọ̀lù tó wá dúró gbagidi, ọ̀wẹ̀ ló rò pé òun ń ṣe. Ẹni tó pín in tó sì sáré lọ síbi tí a ti lè dá a padà fún un, òun ló mọ àáró.

Òfin mẹ́ta ló rọrùn láti fi kọ́ èyí. Àkọ́kọ́, ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ẹnì kan lọ́tùn-ún àti ẹnì kan lósì. Èkejì, góòlù kò kà àfi bí ẹni mẹ́ta bá ti fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, kí a mú òfin yìí kúrò. Ẹ̀kẹta, bí bọ́ọ̀lù bá bọ́, ẹni tó sún mọ́ ọn jù ni yóò lọ dí i, àwọn yòókù yóò padà bo ẹ̀yìn. Kí oníkálukú sì ṣe aṣọ́lé àti balógun ẹgbẹ́ bó bá kàn án, kí atamátàsé má baà rò pé òun nìkan ló ni iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ Lórí Pápá

Ohùn ló ń fi ìyàtọ̀ sáàárín ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Bí akẹgbẹ́ bá kígbe pé "Gbá a!", ó ní kí a ta bọ́ọ̀lù lọ. Bó bá kígbe pé "Gbà á!", ó ní kí a gbà á mọ́lẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì wọn kò yàtọ̀; ohùn òkè àti ti àárín ló wà nínú ti àkọ́kọ́, ohùn ìsàlẹ̀ àti ti òkè nínú ìkejì. Nínú ariwo, tí èèyàn ń sáré tó sì ń mí hẹlẹ, ìyàtọ̀ yìí lè sọnù, kí ọmọ tó wà níwájú ilé tirẹ̀ sì ṣe òdìkejì ohun tí a ní kó ṣe.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ yan ọ̀rọ̀ tí kò jọra rárá: "Jìnnà!" fún bọ́ọ̀lù tó yẹ kí a lé lọ, "Ẹ̀yìn!" bí alátakò bá ń bọ̀ lẹ́yìn ẹni, "Àyè wà!" bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nítòsí, "Tèmi ni!" fún ẹni tó fẹ́ mú un. Ní kíláàsì tí ọmọ Yorùbá, Haúsá, Íbò àti Núpé ti jọ wà, kí àwọn ọmọ fúnra wọn fi ẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ márùn-ún, láti èdè yòówù, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìjíròrò yẹn gan-an ti jẹ́ àjọṣe.

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ náà ń kọ́? Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Bí ọmọ bá ṣi bọ́ọ̀lù gbá, "Olódo!" kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. "Kí lo rí kí o tó gbá a?" yóò mú un ronú, yóò sì jẹ́ kí olùkọ́ mọ̀ bóyá ojú ló kùnà tàbí ẹsẹ̀.

Bí Ẹgbẹ́ Bá Ń Pàdánù

Ìgbà tí nǹkan bá le ni a ń mọ̀ bóyá ọmọ ti kọ́ àjọṣe. Nínú ìdíje Òlíńpíìkì Atlanta ní 1996, Brazil ti fi góòlù mẹ́ta sí ẹyọ kan ṣíwájú Nàìjíríà kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí; Ikpeba jẹ ọ̀kan, Kanu jẹ méjì, a sì borí pẹ̀lú mẹ́rin sí mẹ́ta. Ní 2025, Morocco ti jẹ góòlù méjì sí òdo kí àwọn obìnrin wa tó jẹ mẹ́ta, tí wọ́n sì gba ife Áfíríkà lẹ́ẹ̀kẹwàá. Ìtàn méjèèjì yẹ fún ọmọ gbogbo, pàápàá àwọn ọmọbìnrin tí a fi sílẹ̀ sábẹ́ igi.

Àbá

Kí olùṣàbẹ̀wò TP máa ka iye ọmọ tí bọ́ọ̀lù kàn lẹ́sẹ̀, kí ó sì fi fún olùkọ́ ní máàkì. Kí a máa wo bóyá ọmọbìnrin kópa. Kí kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ní ètò ibùdó márùn-ún, nítorí kì í ṣe olùkọ́ ìdárayá nìkan ni a máa ń gbé fèrè fún. Kí ẹ̀ka èdè àti ẹ̀ka ìdárayá sì jọ ṣiṣẹ́ lórí àwọn ọ̀rọ̀ orí pápá ní èdè abínibí.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ tí a ń kọ́ kò ní di agbábọ́ọ̀lù tí a ń sanwó fún. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni yóò bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni tí a kò sì kọ́ bí a ṣe ń kó ọwọ́ jọ, kò ní ṣàdédé mọ̀ ọ́n. Ìṣẹ́jú 40 ni a fún olùkọ́. Kí ó lò ó fún ọmọ 40.