Bí Ọkọ̀ Bá Ń Pòṣé, Kí Ni Ó Ń Wí?

Bí nǹkan bá dun ènìyàn, a máa pòṣé. Ọkọ̀ náà ní òṣé tirẹ̀. Ẹ ti kó ẹrù ọjà láti Ìbàdàn, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Èkó, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá yín dúró, lójijì ẹ gbọ́ "ṣììì" lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a sáré sọ̀ kalẹ̀, wọn a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọn a sì gbá ìdérí rédíétọ̀ mú. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Níbẹ̀ ni omi gbígbóná ti ń bó ojú àti ọwọ́ ènìyàn.

Omi inú ìkòkò lásán a máa hó bí ooru rẹ̀ bá tó 100 ní ìwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n a dé rédíétọ̀ pinpin, nítorí náà omi inú rẹ̀ lè gbóná kọjá 110 kí ó má tíì hó. Ẹni tí ó bá ṣí i lójijì, omi náà yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì tú sí i lójú. Ẹ pa ẹńjìnnì, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán. Nígbà tí ẹ bá lè di họ́ọ̀sì òkè mú tí kò jó yín lọ́wọ́, ẹ fi aṣọ nínípọn bo ìdérí náà, ẹ yí i díẹ̀ kí ooru kọ́kọ́ jáde, kí ẹ tó wá ṣí i tán. Ẹ má sì da omi tútù lu ẹńjìnnì gbígbóná, nítorí irin rẹ̀ lè sán.

Lẹ́yìn èyí ni ìwádìí kàn. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi ara yín: níbo ni ó ti ń dún? Nígbà wo ni ó ń dún? Kí ni ó ń bá a rìn?

Níbi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ẹ kọ́kọ́ wò bóyá omi ti lọ sílẹ̀, bóyá họ́ọ̀sì ti là, tàbí bóyá irin tí a fi fún un ti tú. Bí ó bá jẹ́ pé inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nìkan ni ọkọ̀ ti ń gbóná, tí ara rẹ̀ sì ń tutù nígbà tí ó bá ń sáré, fáànù ni kí ẹ fura sí. Atẹ́gùn ojú ọ̀nà ni ó ń ṣe iṣẹ́ fáànù nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Bí ó bá sì ń dún bí omi tí ó kán sínú agbada gbígbóná, ó lè jẹ́ pé omi tàbí ọ́ìlì ń kán sórí páìpù èéfín. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn ọ́ìlì tí ń jó, ẹ má fi í ṣeré, nítorí ó lè gbiná.

Òṣé kejì kò ní ooru nínú. Ẹńjìnnì ń mí bí ènìyàn, ó ń fa atẹ́gùn sínú. Bí rọ́bà ọ̀nà ìmí rẹ̀ bá là, ẹ ó gbọ́ ọ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tí ẹńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, ẹńjìnnì náà a sì máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ẹ fi ẹnu kan rọ́bà gígùn sí etí, kí ẹ fi ẹnu kejì wá ibi tí ariwo náà ti pọ̀ jù. Ẹ kọ́kọ́ bọ́ agbádá, ẹ tú gèlè, kí ẹ sì jìnnà sí fáànù àti bẹ́líìtì.

Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréékì ni ó ń pòṣé, tí bíréékì sì le lẹ́sẹ̀, ọ̀ràn ẹ̀mí ni. Ẹ pa ẹńjìnnì, ẹ tẹ bíréékì ní ìgbà 5, ẹ fi ẹsẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ wá tan ọkọ̀. Ó yẹ kí ó rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Bí kò bá rọ̀, ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́. Ẹ pe mẹkáníìkì wá bá a níbẹ̀.

Òṣé kẹta ń dún fùù-fùù bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, ó sì ń yára bí ẹńjìnnì bá ti ń yára. Ó lè jẹ́ plọ́ọ̀gì ni ó tú, tàbí kí èéfín máa jò kí ó tó dé sàléńsà. Afẹ́fẹ́ olóró tí a ń pè ní carbon monoxide wà nínú èéfín yìí. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì lè pa ènìyàn lójú oorun. Ẹ má ṣe tan ọkọ̀ sílẹ̀ nínú gáréèjì tí a tì pa.

Kì í ṣe gbogbo òṣé ni àrùn. Bí ẹ bá pa ọkọ̀ tí ẹ̀rọ amúlétutù inú rẹ̀ sì ń ṣe "ṣìì" fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìṣe rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ sọ ìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta náà fún un, kí ẹ sì ní kí ó fi ibi tí ó ti ń jò hàn yín kí ó tó tú ohunkóhun. Aláìsàn tí ó lè sọ ibi tí ń dùn ún kò ní fi owó rẹ̀ ra oògùn àìsàn ẹlòmíràn.