Ayédèrú kóòdù ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì: ohun tó yẹ kí àwọn ọmọ tó ń kọ àpù ní Raji Rasaki mọ̀

Ẹni tó bá ń gbé ní Raji Rasaki Estate, l'Ámúwò-Ọ̀dọ̀fin, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ nípa ayédèrú. Ọjà Trade Fair ò jìnnà síbẹ̀, Alábà náà ò sì jìnnà. Tí mẹkáníìkì bá rán ọmọṣẹ́ rẹ̀ lọ ra páàtì, á kìlọ̀ fún un pé kó ka orúkọ ara páálí náà dé lẹ́tà tó kẹ́yìn, torí ẹyọ lẹ́tà kan lè mú kó ra gbàrogùdù wálé.

Irú ọjà bẹ́ẹ̀ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, àwọn tí wọ́n sì dẹ páńpẹ́ rẹ̀ dè ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi lápútọ́ọ̀pù jẹun, àwọn tó ń kọ àpù àti wẹ́ẹ̀bùsáìtì.

Kí ló ń jẹ́ package?

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó ń kọ àpù láti orí dé ìdí fúnra rẹ̀ mọ́. Ìyá olóúnjẹ kì í gbin ata kó tó se ọbẹ̀, ọjà ló ti ń rà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń kọ àpù ṣe máa ń mú kóòdù tí ẹlòmíì ti kọ, tó sì fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Ìdì kóòdù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní package, ètò ọ̀fẹ́ náà ni wọ́n ń pè ní open source. Nínú àwọn ibi tí wọ́n ń kó o sí, méjì tó gbajúmọ̀ dáadáa ni npm, fún àwọn tó ń lo JavaScript, àti PyPI, fún àwọn tó ń lo Python.

Ohun rere ni o. Òun ló jẹ́ kí ọmọ tí kò ní kọ́bọ̀ lápò jókòó sí yàrá kan l'Ámúwò, kó máa lo irinṣẹ́ kan náà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá l'Amẹ́ríkà ń lò. Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà ń dá sí i: ẹgbẹ́ Open Source Community Africa, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, ṣe àjọ̀dún rẹ̀ l'Ékòó ní 2020.

Àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣí àkáǹtì lè gbé package tirẹ̀ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa jókòó ka kóòdù náà tán kó tó dórí àtẹ. Package kan sì lè fa ọgọ́rùn-ún míì wọlé tẹ̀lé ara rẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣe ń balẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà tó ṣí fáìlì kankan wò.

Orúkọ tó jọra

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, wọ́n rí package kan tó ń jẹ́ crossenv lórí npm. Ojúlówó rẹ̀ ni cross-env, pẹ̀lú àmì kékeré láàárín. Ẹni tó bá gbàgbé àmì yẹn, ayédèrú ló máa gbé wálé, òun náà á sì ṣiṣẹ́ bí ojúlówó, kò ní fura. Lábẹ́lẹ̀, ó ń kó àwọn kọ́kọ́rọ́ àṣírí orí kọ̀ǹpútà náà ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ ọ́. Nǹkan bí ogójì irú rẹ̀ ni npm yọ dànù, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì ti wá.

Ọ̀nà yẹn ti bímọ báyìí. Àwọn irinṣẹ́ AI tó ń bá ènìyàn kọ kóòdù máa ń dárúkọ package tí kò sí níbì kankan. Ọ̀bàyéjẹ́ lè lọ forúkọ yẹn sílẹ̀, kó lúgọ de ẹni tó máa gbà á.

Nígbà tí ojúlówó gan-an bá bàjẹ́

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, package 18 ló bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lórí npm. Chalk àti debug wà nínú wọn, iye ìgbà tí wọ́n ń gba gbogbo wọn sì ju bílíọ̀nù méjì lọ lọ́sẹ̀. Ìmeèlì kan ló fà á. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹni tó ń bójú tó wọn bíi pé npm ló kọ ọ́, pé kó yára tún ààbò àkáǹtì rẹ̀ ṣe kí wọ́n má baà tì í pa. Npmjs.help ni wọ́n fi ránṣẹ́, kì í ṣe npmjs.com. Ó tẹ̀ ẹ́. Kóòdù tí wọ́n kó sínú package rẹ̀ máa ń dúró de ẹni tó fẹ́ fi kirípítò ránṣẹ́, á wá yí àdírẹ́ẹ̀sì náà sí ti olè. Wọ́n tètè rí i láàárín wákàtí díẹ̀, owó tí wọ́n rí jí kò sì tó nǹkan.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tí wọ́n pè ní Shai-Hulud dé. Òun ń ràn bí àrùn: tó bá wọ kọ̀ǹpútà ẹni tó ń ṣe package, á jí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, á sì fi kó ara rẹ̀ sínú àwọn package míì tí onítọ̀hún ní. Ó ju package 500 lọ tó bà jẹ́.

Iṣẹ́ dọ́là tí kì í ṣe iṣẹ́

Èyí ló yẹ kó ká àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò lára jù. Láti ọdún 2023 ni àwọn onímọ̀ ààbò ti ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn kan, tí wọ́n so mọ́ North Korea, tó ń ṣe bí ẹni tó ń gbani síṣẹ́ lórí LinkedIn. Wọ́n á kí ọmọ náà dáadáa, wọ́n á yin iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á dárúkọ owó oṣù ní dọ́là. Ìdánwò ló kàn: kó gba kóòdù kan, kó tún ibi tó bàjẹ́ níbẹ̀ ṣe. Inú kóòdù yẹn ni package olóró wà. Kó tó parí ìdánwò, wọ́n ti lè kó páásíwọ̀ọ̀dù inú bráúsà rẹ̀ àti kirípítò rẹ̀ lọ.

Ẹni tó ti ń wáṣẹ́ láti oṣù mẹ́fà, tó ń yáwó ra dátà, kì í fẹ́ da ìbéèrè bo ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Ohun tí wọ́n gbójú lé nìyẹn.

Nítorí náà, ìdánwò iṣẹ́ tí àjèjì bá fún yín, ẹ má ṣe ṣí i lórí lápútọ́ọ̀pù tí àkáǹtì báǹkì yín wà. GitHub Codespaces ń fún ènìyàn ní wákàtí mélòó kan lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣù, ẹ ṣí i níbẹ̀. Lórí npm, tẹ́ ẹ bá fi --ignore-scripts kún àṣẹ tẹ́ ẹ tẹ̀, package ò ní lè dá ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bó ṣe ń balẹ̀. Package tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lánàá, ẹ jẹ́ kó lo ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin ná. Ẹni tó ní sùúrù lóṣù Kẹsàn-án 2025, chalk olóró ò kàn án.

Fún àwọn tó ní ilé iṣẹ́, ọ̀rọ̀ òfin tún wà ńbẹ̀. Lábẹ́ òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023, tí dátà àwọn oníbàárà bá jò lọ́nà tó lè pa wọ́n lára, wákàtí 72 péré ni ilé iṣẹ́ ní láti fi tó àjọ NDPC létí.

Ẹni tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí, kó yọ kọ̀ǹpútà náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀. Kó má fi kọ̀ǹpútà yẹn yí páásíwọ̀ọ̀dù kankan padà. Fóònù tàbí kọ̀ǹpútà míì ni kó fi ṣe é: kó kọ́kọ́ kó owó inú wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ sí tuntun, lẹ́yìn náà kó yí ti ìmeèlì, ti báǹkì, àti kọ́kọ́rọ́ GitHub àti npm rẹ̀.