Ohun Tó Ń Pariwo Nínú Fákúùmù Onírin Àtijọ́

Ní Sátidé tó kọjá, ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ wa níbí ní Jos, tí wọ́n ní ilé àlejò kékeré, gbé fákúùmù padà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò tíì lò ó tó ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní, "Àbúrò, ẹ̀rọ tí o tà fún mi yìí ti bàjẹ́ o. Ariwo rẹ̀ ń lé àlejò mi lọ." Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní ká tàn án wò. Bó ṣe gbéra báyìí, ẹni tó ń ta bàtà ní ìsọ̀ kejì yọjú, ó ní ṣé mo ti ra jẹnẹrétọ̀ tuntun ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn ò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà lókè Ọya àti ní ìhà ìlà-oòrùn ló ń ra irú tòkunbọ̀ yìí fún òtẹ́ẹ̀lì, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń pariwo nínú rẹ̀ lè sọ èyí tó dára nù, ó sì lè máa lo èyí tó fẹ́ jóná, kó ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Èyí tó ń dúró lóòró ni mò ń sọ, tí àpò aṣọ rọ̀ mọ́ ọ̀pá ìdìmú rẹ̀, tí orí rẹ̀ nísàlẹ̀ sì jẹ́ irin. Sanitaire ti Amẹ́ríkà wà nínú wọn, Hoover àtijọ́ náà wà níbẹ̀. Ìran wọn ti pẹ́. James Spangler, ọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ ní ilé ìtajà ńlá ní ìlú Canton, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, tó sì gbàwé àṣẹ lé e lórí ní 1908. Eruku ló ń dà á láàmú nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi fáànù, bírọ́ọ̀ṣì tó ń yí àti àpò ṣe é, ó sì ta àṣẹ rẹ̀ fún William Hoover, ẹni tó ń ṣe ọjà aláwọ nígbà náà. Tí ẹ bá tú èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ohun mẹ́ta yẹn náà ni ẹ óò bá níbẹ̀.

Fáànù yẹn gan-an ni olórí aláriwo. Nínú ọ̀pọ̀ fákúùmù ìgbàlódé, ìdọ̀tí máa kọ́kọ́ bọ́ sínú àpò, afẹ́fẹ́ tó mọ́ nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ fáànù. Nínú ti àtijọ́, fáànù wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀. Iyanrìn, ẹ̀pà, bọ́tìnnì, gbogbo rẹ̀ ló ń gba inú fáànù kọjá kó tó dé àpò. Ó sì ń yí ju ìgbà 10,000 lọ láàrin ìṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ ká fi 60 pín in, ó lé ní 160 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí fáànù bá ní abẹ mẹ́fà, nǹkan bí ìgbà 1,000 ni abẹ ń gbá afẹ́fẹ́ kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú. Ohùn tó ń han gooro yẹn nìyẹn. Kò sì sí nǹkan kan tó máa gbé e mì, torí ọ̀nà kúkúrú ló wà láàrin fáànù àti ìta, àpò aṣọ náà kò sì dí ohùn.

Ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ náà ń dá sí i. Irú ti bíléńdà ni: kábọ̀n méjì ń ha ara wọn mọ́ bàbà tó ń yí. Fáànù òkè ilé kò ní kábọ̀n, ìdí nìyẹn tí tiẹ̀ fi ń lọ jẹ́jẹ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, bẹ́líìtì ń yí ọ̀pá oníbírọ́ọ̀ṣì kan tó ń na kápẹ́ẹ̀tì bí ìgbà téèyàn ń gbọn ẹní. Èmi ò kà á sí ariwo lásán, torí òun ló ń lé iyanrìn jáde nídìí òwú.

Wọ́n wá kó gbogbo èyí sínú alumíníọ̀mù, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ fi ṣíbí kan ìkòkò, ẹ fi kan ike, ẹ óò gbọ́ ìyàtọ̀. Fóòmù kò sí nínú rẹ̀ rárá. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé alẹ́ ni wọ́n ń gbá ọ́fíìsì, nígbà tí ọ̀gá ti relé. Ohun tí wọ́n ń wá ni ẹ̀rọ tí kò ní fọ́ tó bá kọ lu ilẹ̀kùn, tí èèyàn sì lè fúnra rẹ̀ pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀ níṣẹ́jú mélòó kan. Etí ẹni tó ń tì í ò sí nínú ìṣirò. Òfin ló yí i padà ní Yúróòpù: láti oṣù kẹsàn-án 2017, fákúùmù ilé tuntun tí wọ́n bá tà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ ju dẹ́síbẹ̀lì 80 àti wáàtì 900 lọ. Síbẹ̀, àwọn oníbàárà mi kan ṣì ń fi ariwo wọn agbára. Wọ́n á gbọ́ èyí tó dákẹ́, wọ́n á ní kò lágbára.

Àwọn ariwo kan wà tí kì í ṣe ti bí wọ́n ṣe ṣe é o. Tó bá ń kàn gbọ̀gbọ̀, ó ṣeé ṣe kí abẹ fáànù ti ṣẹ́. Tó bá ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń lọ òkúta, bíárìn ni. Èyí tó burú jù ni èyí tó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń lé: ẹ pa á kíá, kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sídìí rẹ̀. Tí ẹ bá rí 120V, ti Amẹ́ríkà ni, iná tiwa sì jẹ́ 230 tàbí 240. Yóò sáré àsápajúdé, lẹ́yìn náà èéfín. Méjì ni mo sun báyìí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ òwò yìí, owó mi sì wọgbó. Ẹ ra transfọ́mà tó tó o: bí wọ́n bá kọ 7 ámpù sí i, 7 lọ́nà 120 jẹ́ wáàtì 840, transfọ́mà 500 ò lè gbé e.

Mo wá bi ẹ̀gbọ́n pé ta ló ń tì í. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan ni, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Mo ṣàlàyé fún wọn pé àjọ NIOSH ní Amẹ́ríkà, tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́, ní kí èèyàn má wà nínú ariwo dẹ́síbẹ̀lì 85 ju wákàtí mẹ́jọ lọ lójúmọ́. Tó bá di 88, wákàtí mẹ́rin péré ni. Ẹ̀yin náà lè wọ̀n ọ́n láìní ẹ̀rọ: tó bá di pé ẹ ń gbóhùn sókè kí ẹni tó wà níwọ̀n apá kan sí yín tó gbọ́, ó ti tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́. Wọ́n ní ọmọ náà ti ń sọ pé etí òun ń hó lálẹ́, àwọn rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é.

Mo tú ìdí ẹ̀rọ náà, mo gé irun àti òwú tó ti wé mọ́ bírọ́ọ̀ṣì. Ariwo rẹ̀ dín díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. Mo fún wọn ní bẹ́líìtì kan lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ra ìdíétí fún ọmọ náà lọ́dọ̀ onírinṣẹ́ tó wà ní òdìkejì títì, wọ́n sì gbé fákúùmù wọn lọ.