Polytank kún, robinet ò yọ omi: ibo ni ká ti fún afẹ́fẹ́ lọ́nà?

Ní Dowa níbí, bí ẹ bá gbójú sókè, ẹ ó rí polytank lórí òpó béton ní ọ̀pọ̀ agbolé. Onílé ti náwó sí forage, ó ti ra pompe, omi ti kún tánkì. Síbẹ̀, bí ìyálé bá ṣí robinet ilé ìdáná, á wúkọ́, á tutọ́ díẹ̀, omi á wá máa yọ tín-ín-rín bí okùn. Lọ́jọ́ mìíràn, kò ní yọ rárá. Kíá, wọ́n á ní kí onílé lọ ra surpresseur, tàbí kó gbé tánkì ga sí i. Ẹ dúró ná. Owó ńlá nìyẹn, ó sì lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ lásán ló dí ọ̀nà.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Omi gbọ́dọ̀ fi mítà 10 ga ju robinet lọ kó tó ní agbára bar 1. Bí ìsàlẹ̀ tánkì yín bá fi mítà 3 péré ga jù ú lọ, nǹkan bíi bar 0,3 lẹ ní. Wàyí o, plombier gbé tuyau gba orí ilẹ̀kùn: ó gòkè, ó tún sọ̀kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ á há sí ibi gíga yẹn àti apá tó ń sọ̀kalẹ̀. Bó bá gba mítà 1 níbẹ̀, mítà 1 ti dín nínú agbára omi yín. Bí irú ibẹ̀ bá jẹ́ mẹ́ta, mítà 3 ti lọ. Ìdí nìyí tí omi fi lè máa yọ nígbà tí tánkì kún, tí á sì dákẹ́ nígbà tó bá kù díẹ̀ nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó náwó, ẹ ní kí plombier tú ìsopọ̀ tuyau díẹ̀ níbi tó ga jù. Bó bá kọ́kọ́ dún “fíìì” kí omi tó yọ, afẹ́fẹ́ ni.

Tánkì fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ yẹ kó ní ihò èémí. Àwọn kan máa ń fi ọ̀rá di ìdérí rẹ̀ pinpin nítorí alángbá. Mo mọ̀ pé inú rere ni, ṣùgbọ́n bí omi bá ń jáde tí afẹ́fẹ́ ò rọ́nà wọlé, omi á máa falẹ̀, ara tánkì sì lè wọnú. Ẹ fi tuyau kékeré tó tẹ orí ba sókè rẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀, kó má kéré sí tuyau tí omi ń gbà jáde. Kí ẹ fi àwọ̀n dí i, torí ẹ̀fọn.

Ìkejì wà lẹ́yìn vanne tánkì. Ẹ fi té kan síbẹ̀, kí tuyau tinrín gòkè láti ibẹ̀ kọjá orí tánkì. Bí kò bá ga ju omi inú tánkì lọ, omi á máa dà sílẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn jù: kò ní ohun tó lè bàjẹ́, mítà díẹ̀ tuyau ni gbogbo owó rẹ̀.

Báwo ló ṣe yẹ kó tóbi tó? Nínú àwọn ilé àtijọ́ kan ní New York, oru omi ni wọ́n ń rán gba inú irin kí yàrá lè móoru nígbà òtútù. Bí afẹ́fẹ́ inú irin ò bá tètè jáde, oru á pẹ́ kó tó dé yàrá tó jìnnà. Nítorí náà, irin tó gùn tó sì fẹ̀ ni wọ́n ń fún ní ihò èémí tó tóbi. Bẹ́ẹ̀ náà ni níbí. Tuyau mítà 20 tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní milimítà 25 gba afẹ́fẹ́ bíi lítà 10, kò tó ìdajì bidon 25. Tuyau 20 ti tó láti lé e jáde.

Ṣùgbọ́n ihò ìdí tánkì kò lè yọ afẹ́fẹ́ tó há sórí ilẹ̀kùn. Níbẹ̀, ẹ lè fi purgeur automatique sí i: bí afẹ́fẹ́ bá dé, ohun tó léfòó nínú rẹ̀ á sọ̀kalẹ̀, ihò á ṣí, bí omi bá dé, á gòkè, á sì tì í. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ agbára kékeré, torí àwọn mìíràn á máa jò. Yanrìn forage náà lè dí i. Fún ọ̀pọ̀ ilé, vanne kékeré tí a ń fọwọ́ ṣí ti tó. Ẹ ṣí i nígbà tí tánkì bá gbẹ tí ẹ sì tún kún un, kí ẹ tì í bí omi bá ti ń yọ dáadáa.

Ẹni tí kò tíì rẹ́ ògiri ilé rẹ̀ ni ó rí ṣe jù: kí tuyau máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti tánkì dé robinet, láìgòkè níbikíbi.

Ẹ má fi tuyau tó ṣí lẹ́nu yìí sí ojú omi SONEB o. Agbára omi yẹn pọ̀ ju ti tánkì lọ, á da omi sí gbogbo àgbàlá.