Jíìnì Tí A Jogún, Kíndìnrín Tí A Ní Láti Ṣọ́

Láti 2010 ni àwọn dókítà ti mọ̀ pé jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní APOL1 wà lára ohun tó ń ba kíndìnrín jẹ́ láàárín àwọn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìwádìí tó jáde lọ́dún náà nínú ìwé àtìgbàdégbà Science fi hàn pé oríṣi àyípadà méjì nínú jíìnì yìí, G1 àti G2, pọ̀ lára àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn, tó ti wà nínú àkójọ jíìnì àgbáyé ṣáájú, wà lára ohun tí wọ́n fi tọpa rẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí nígbà náà ni pé ẹni tó bá gba àyípadà yìí lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ló wà nínú ewu. Wọ́n ní ẹni tó gba ẹyọ kan ṣoṣo kò ní ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ní oṣù kẹwàá 2024, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà jáde nínú New England Journal of Medicine, ó sì sọ pé ẹyọ kan náà ní ewu tirẹ̀. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ náà sí, kò yẹ kó dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀jẹ̀ tó jogún. Ohun tó yẹ kó mú wa ṣe ni pé kí a máa yẹ ìtọ̀ wa wò nígbà tí kíndìnrín ṣì lágbára.

Àyípadà náà kò ṣàdédé pọ̀ lára wa. Purotéènì tí jíìnì APOL1 ń pèsè máa ń rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì máa ń pa kòkòrò tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, tí ń múni sùn títí ẹ̀mí fi ń bọ́. Nígbà tí irú kan nínú kòkòrò náà mọ ọgbọ́n tó fi ń bọ́ lọ́wọ́ purotéènì yìí, àwọn tó ní àyípadà nínú jíìnì wọn ló rí i bá jà. Wọ́n yè, wọ́n bímọ, àwọn ọmọ náà sì jogún rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀jẹ̀ AS ṣe pọ̀ níbi tí ibà ti ń ṣọṣẹ́. Àmọ́ purotéènì kan náà wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ asẹ́ fún ẹ̀jẹ̀ nínú kíndìnrín, ibẹ̀ ló sì ti ń dalẹ̀: asẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, purotéènì tó yẹ kó dúró sínú ẹ̀jẹ̀ á máa bá ìtọ̀ lọ. Ẹ má ṣe rò pé àwọ̀ dúdú ló fà á o. G1 ṣọ̀wọ́n gidigidi ní Etiópíà, bẹ́ẹ̀ adúláwọ̀ ni wọ́n.

Ènìyàn 8,355 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Rasheed Gbadegesin ti Yunifásítì Duke àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà, Gánà àti òkè òkun yẹ̀ wò. Wọ́n fi àwọn tí kíndìnrín wọn ń ṣàìsàn wé àwọn tí tiwọn dá ṣáká. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, nǹkan bí 43 ló ní ẹyọ kan, nǹkan bí 30 ló ní méjèèjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ìyẹn ni pé ó ju méje lọ nínú mẹ́wàá tó gbé e dání, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 13 péré nínú ọgọ́rùn-ún adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ló ní méjèèjì. Ewu àìsàn kíndìnrín fún àwọn tó ní ẹyọ kan fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kò ní i rárá. Fún irú àìsàn kan tó máa ń dá àpá sínú asẹ́ kíndìnrín, ó fi ìdá 61 jù ú lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé ìdá 18 kéré, kí ni ká wá máa pariwo lé lórí? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ewu kékeré tó bá wà lára ènìyàn bíi mẹ́rin nínú mẹ́wàá lè kó èrò lọ sí ilé ìwòsàn ju ewu ńlá tó wà lára ènìyàn díẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn kò lè fi ohun tó fa àìsàn hàn. Òótọ́ ni pé iye ewu náà lè yí padà bí ìwádìí mìíràn bá jáde, ṣùgbọ́n inú oyún ni jíìnì ti bá wa wá. Kò sí ẹni tí àìsàn kíndìnrín fún ní jíìnì. Ohun tó tún gba àròjinlẹ̀ ni pé ewu tí ìwádìí Amẹ́ríkà rí lára àwọn tó ní méjèèjì ga ju èyí tí wọ́n rí níbí lọ fíìfíì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lọ́dọ̀ wa, ohun mìíràn tó ń ba kíndìnrín jẹ́ pọ̀ débi pé jíìnì kò dá ru ẹrù náà: ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú, àtọ̀gbẹ, kòkòrò HIV, oògùn ìrora tí a ń gbé mì bí ẹ̀pà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àyípadà yìí ni kò ní ṣàìsàn kíndìnrín títí ayé wọn.

Nítorí náà, èmi kò rò pé kí gbogbo ènìyàn tò lọ yẹ jíìnì wò ló kàn. Àyẹ̀wò tó máa sọ fún ẹni méje nínú mẹ́wàá pé wọ́n wà nínú ewu kò tíì ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀, ó sì lè di ohun tí àwọn ẹbí á máa fi tú ìgbéyàwó ká. Oògùn tó kọjú sí purotéènì jíìnì náà gan-an ń bọ̀: nínú ìwádìí kékeré kan tó jáde ní 2023, inaxaplin dín purotéènì inú ìtọ̀ kù ní nǹkan bí ìlàjì láàárín ọ̀sẹ̀ 13. Ṣùgbọ́n ènìyàn 13 péré ni ìṣirò yẹn dá lé, gbogbo wọn ló sì ní àyípadà méjèèjì. Àwọn tó ní ẹyọ kan, tí wọ́n pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, kò sí níbẹ̀. Bí wọn kò bá ṣe ìwádìí nílé, ta ni ì bá mọ̀ pé ó yẹ kí a béèrè nípa tiwọn?

Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì á ti ọ̀pá pẹlẹbẹ kan bọ inú ìtọ̀ tó wà nínú ife, á yọ ọ́, á dúró díẹ̀, á sì fi àwọ̀ rẹ̀ wé èyí tó wà lára agolo rẹ̀. Bí ibi tí wọ́n fi ń wo purotéènì bá kúrò ní àwọ̀ ìyeyè, tó di àwọ̀ ewé, ó yẹ kí dókítà tún un wò dáadáa. Ojú àti ẹsẹ̀ lè má tíì wú nígbà yẹn, kí ara sì le koko. Ìgbà náà gan-an ni oògùn wúlò jù. Nínú ìwádìí DAPA-CKD ti 2020, tí ènìyàn 4,304 kópa nínú rẹ̀, oògùn dapagliflozin dín ewu pé kíndìnrín á bàjẹ́ kọjá ààlà tàbí pé àìsàn kíndìnrín tàbí ti ọkàn á yọrí sí ikú kù ní ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì béèrè irú jíìnì tí ẹnikẹ́ni ní. Wọ́n á ní oògùn wọ́n, owó ò sí. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́ á máa lọ fọ ẹ̀jẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ bó bá pé, àpò ara rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà fi ń san án. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí HIV, àti ẹni tí àìsàn kíndìnrín ti pa ẹbí rẹ̀ rí, ni kó kọ́kọ́ béèrè àyẹ̀wò ìtọ̀ nígbà tó bá tún lọ rí dókítà. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí jíìnì tí a ti jogún, ṣùgbọ́n a lè tètè mọ̀ bí asẹ́ bá ń jò.