Fèrèsé Ilé Wa: Ẹ Jẹ́ Kó Mọ́, Ẹ Má Fi Ẹ̀mí Wewu



Lọ́dún tó kọjá, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ààwẹ̀ Ràmàdánì bẹ̀rẹ̀, àwa díẹ̀ kóra jọ láti tún mọ́sálásí àdúgbò wa ṣe. Mo gbé omi ọṣẹ lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́wọ́ pé kó bá mi nu fèrèsé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kí n tó yíjú padà, ó ti bọ́ síta, ó dúró sórí etí fèrèsé tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹsẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Irin fèrèsé ló rọ̀ mọ́ tí a fi fà á wọlé. Alhamdulillah, orúnkún nìkan ló bó. Ṣùgbọ́n èmi ni mo rán an níṣẹ́, n kò sì sọ ibi tó yẹ kó dúró fún un.

Ẹ̀sìn wa fi ìmọ́tótó ṣe apá kan ìgbàgbọ́. A ń gbá ilé, a ń fọ aṣọ, fèrèsé la máa ń gbàgbé. Ní ṣọ́ọ̀bù oògùn mi, mo máa ń rí ìyá tó ń ra oògùn ibà fún ọmọ kan náà léraléra. Tí mo bá béèrè nẹ́ẹ̀tì fèrèsé wọn, wọ́n á ní ó ti ya, tàbí pé eruku dí i, atẹ́gùn kò wọlé mọ́, ni àwọn bá yọ ọ́ sọnù. Ẹ̀fọn kò sì nílò ihò ńlá. Ẹ ṣírò owó oògùn tí ẹ ti ná, ẹ wò ó bóyá kò ní ra nẹ́ẹ̀tì tuntun.

Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa fi aṣọ tútù nu fèrèsé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbọn nẹ́ẹ̀tì nínú yàrá, pàápàá bí ọmọ tó ní ásímà bá wà nílé. Bí nẹ́ẹ̀tì bá ṣeé yọ, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ha ojú irin tí gíláàsì ń gbà. Àwọn ihò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ irin náà ni omi òjò ń gbà jáde. Ẹ fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ kan là wọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á ya wọlé, ògiri á sì máa bu. Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára láti fọ gíláàsì, nítorí oòrùn máa ń mú kí ọṣẹ gbẹ mọ́ ọn.

Omi àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó. Ẹ má da jíkì pọ̀ mọ́ fínígà, mọ́ oògùn ìfọ-ilé-ìgbọ̀nsẹ̀, tàbí mọ́ èyí tí wọ́n fi ń fọ gíláàsì tó ní amóníà nínú. Atẹ́gùn olóró ni wọ́n ń mú jáde, ó ń ta ojú, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ sáré jáde síta, ẹ fi omi tó ń ṣàn fọ ojú fún ìṣẹ́jú 15. Bí èémí kò bá já gaara, ilé ìwòsàn ni. Epo pupa kì í ṣe ẹ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìgbà wo la ó wá pe oníṣẹ́? Ibi tí ọwọ́ yín bá dé, tí ẹsẹ̀ yín méjèèjì wà lórí ilẹ̀, tiyín ni. Ìta òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ibi tí wáyà iná wà nítòsí, gíláàsì tó ti sán, àti fèrèsé tó ń yọ kúrò lójú irin rẹ̀, ti oníṣẹ́ ni. Ẹ wò ó bóyá ó ní bẹ́líìtì ààbò àti ẹni tí yóò di àkàbà mú. Ẹ dá àkókò fún un, kí àwọn obìnrin ilé lè mọ̀ pé ọkùnrin ń bọ̀ lójú fèrèsé. Ẹ fẹnu kò lórí owó kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì san án kí òógùn ara rẹ̀ tó gbẹ, bí Ànábì wa ti kọ́ wa.

Lọ́dún yìí, oníṣẹ́ la pè fún òkè mọ́sálásí. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ló di àkàbà mú nísàlẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi ààbò Rẹ̀ bo ilé gbogbo wa. Àmín.