Ìwé Ogun fún Ọmọ Tó Ti Mọ Kónílé-ó-gbélé

Ọdún 2019 ni ìwé War Girls jáde ní Amẹ́ríkà. Tochi Onyebuchi, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sọ́hùn-ún, ló kọ ọ́, àwọn ọ̀dọ́ ló sì kọ ọ́ fún. Ọdún 2172 ló gbé ìtàn náà sí. Jàm̀bá ohun ìjà runlérùnnà àti ojú ọjọ́ tó dàrú ti ba ayé jẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ti sá lọ máa gbé lójú sánmà, Nàìjíríà àti Biafra sì tún ti ń bá ara wọn jà. Àwọn ọmọbìnrin tí ogun tọ́ dàgbà ló ń gbé ìbọn. Òbí tó bá ṣí i wò lè béèrè pé kí ni ọmọ ọdún 16 fẹ́ fi irú èyí ṣe. Ìbéèrè náà tún wúwo sí i ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ìlú méjì tí ilé wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ara wọn, tí ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ sì ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin wọn tipẹ́. Ẹ̀mí ti bá a lọ, ilé ti jóná, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun sì wà lábẹ́ òfin kónílé-ó-gbélé ní 2025. Lójú tèmi, ìwé náà yẹ àwọn ọmọ ibẹ̀, ó tilẹ̀ yẹ wọ́n ju àwọn ọmọ tí kò gbọ́ ìró ìbọn rí lọ.

Ìdí ni pé Onyebuchi kò fi ìtàn náà sẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo. Onyii la ó bá rìn ní orí kan, Ify la ó bá rìn ní òmíràn. Onyii, tó fi apá onírin rọ́pò èyí tó pàdánù, ti tọ́ Ify bí àbúrò nínú àgọ́ àwọn ọmọbìnrin Biafra. Nígbà tí ogun sì já wọn gbà lọ́wọ́ ara wọn, ọ̀dọ̀ àwọn ará Nàìjíríà ni Ify bá ara rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti wá mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ràn òun lọ́wọ́ nínú ikú àwọn ẹbí òun. Òǹkàwé tó ti gbè sẹ́yìn Onyii láti ojú ìwé àkọ́kọ́ kò ní mọ ibi tí yóò gbójú sí. Ní ìlú méjèèjì tí mo dárúkọ, ọmọ Ìlobùú ń gbọ́ ìtàn Láàrọ̀sìn ọdẹ tó tẹ ìlú dó. Ọmọ Ìfọ́n ń gbọ́ ti Olúfọ́n àti Ọbàtálá. Ìtàn iyì ni méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n má pa á. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan ọ̀rọ̀ ìjà, ẹnu ẹbí tirẹ̀ nìkan ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ń gbọ́ ọ, àti pé àwọn tòdìkejì ló máa ń kọ́kọ́ ṣẹ̀. Ìwé yìí a mú un jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tòdìkejì fún odindi orí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ baba rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀ jù. Òótọ́ ni, ó pọ̀. Àmọ́ àjọ WAEC fi Native Son ti Richard Wright, tí ìpànìyàn wà nínú rẹ̀ gedegbe, sínú ìwé ìdánwò 2016 sí 2020, àwọn baba wa náà sì ka Fágúnwà níléèwé láti 1938 wá, níbi tí ọdẹ ti ń bá iwin jà. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù nínú ìwé Onyebuchi. Adùn ìjà ni. Ó fẹ́ràn àwọn ẹ̀rọ gàgàrà tí àwọn ọmọ ń wọ̀ jagun lójú òfuurufú, ó sì ń ṣàpèjúwe wọn títí ogun fi fẹ́ dà bí eré fídíò. Ọmọ ọdún 12 lè má rí nǹkan mìíràn kà níbẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí ó di ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà, SS2 bó bá ṣeé ṣe, kí olùkọ́ sì wà nítòsí.

Àtakò tó le jù ni ti àwọn tó ní kí a má tú ọgbẹ́ tó ń jinná, pàápàá pé ọ̀rọ̀ Biafra ṣì ń gbóná. Wọ́n gbàgbé pé a ti dán ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wò. Láti sáà ẹ̀kọ́ 2009 sí 2010 ni wọ́n ti yọ ẹ̀kọ́ Ìtàn kúrò bí iṣẹ́ tó dá dúró fún àwọn ọmọ kékeré, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì gbà kó tó padà; ọ̀pọ̀ ọmọ ló dàgbà láìgbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ogun Biafra láàrin 1967 àti 1970 lẹ́nu olùkọ́ kankan. Ìyẹn ò ní kí wọ́n má gbọ́ ọ rárá. Ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ ni kò dára. Onyebuchi fúnra rẹ̀ mú ọ̀rọ̀ yìí wọnú Rebel Sisters, ìwé kejì tó jáde ní 2020: ogun ti parí níbẹ̀, ìjọba sì ń pa ìrántí rẹ̀ rẹ́ lọ́kàn àwọn ará ìlú, síbẹ̀ àwọn ọmọ tó la ogun já ń ṣàìsàn tí dókítà ò mọ orúkọ rẹ̀. Ìwé méjèèjì wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀dà kan tó fún kíláàsì kan bí olùkọ́ bá lè ka orí kọ̀ọ̀kan sókè. Bí iléèwé kan ní Ìlobùú àti ọ̀kan ní Ìfọ́n bá ń ka ìwé náà lọ́sẹ̀ kan náà, kí wọ́n fi orí Onyii lé àwọn ọmọ ìlú kan lọ́wọ́, kí wọ́n fi ti Ify lé tèkejì lọ́wọ́, kí wọ́n sì pààrọ̀ wọn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e.